Eku kò tó ológbò jẹ: ìṣirò fún ẹni tó fẹ́ gba ológbò àgbà sílé

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí ènìyàn bá sọ pé òun fẹ́ gba ológbò, tí ó sì jókòó ti ìṣirò ohun tí yóò máa ná òun, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in. Wọn á ní ajá ló ń jẹ owó, pé ológbò a máa bọ́ ara rẹ̀: eku ni ẹran rẹ̀, orí ẹja tí a bá jẹ kù sì tó o ṣe oúnjẹ alẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí náà ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Kétu, kì í sì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ló gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á, títí di ìgbà tí mo gba ológbò ọlọ́dún márùn-ún kan lọ́wọ́ ìdílé kan tí ń kó lọ sí Kútọnu, ológbò tí wọ́n tọ́ dàgbà sínú ilé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ìgboro rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ eku náà wò. Ológbò àgbà tó wọn kílò mẹ́rin nílò oúnjẹ tí agbára rẹ̀ tó kálórì 200 sí 250 lójúmọ́. Èkúté ilé kan, tirun-tirun àti teegun-teegun, kò ju nǹkan bíi kálórì 30 lọ. Kí ológbò tó lè fi eku nìkan gbé ara ró, ó ní láti pa bíi mẹ́jọ lójúmọ́, èyí tí í ṣe 240 lóṣù. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá lè pèsè 240 eku lóṣù, ilé mìíràn ló yẹ kó máa wá, kì í ṣe ológbò.

Àwọn àgbà wí pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wíwà tí ológbò wà nílé ni òwe náà ń sọ. Kò sọ fún wa pé ológbò yó. Èyí tó burú jù ni pé àwọn kan ń febi pa ológbò kí ó lè máa ṣọdẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ebi, ọ̀tọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe lára ẹranko yìí, nítorí pé èyí tó yó bámúbámú náà yóò ṣì lé eku. Eku jíjẹ pàápàá ní ewu tirẹ̀: eku tó ti jẹ májèlé tí aládùúgbò dẹ sílẹ̀ lè pa ológbò tó bá jẹ ẹ́, ara eku sì ni ológbò ti sábà máa ń kó kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma, èyí tó lè ṣe oyún ní jàǹbá bí ó bá dé ara aboyún láti inú ìgbẹ́ ológbò. Ó máa ń gba ìgbẹ́ náà tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó lè ran ènìyàn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa kó o lójoojúmọ́, kí aboyún má sì fọwọ́ kàn án.

Orí ẹja àti àjẹkù oúnjẹ wa ńkọ́? Ara ológbò kò lè ṣe èròjà tó ń jẹ́ taurine tó fúnra rẹ̀. Inú ẹran àti ẹja ni ó ti ń rí i. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìtó rẹ̀ ń ba ẹ̀yìn ẹyinjú ológbò jẹ́ títí yóò fi fọ́jú, nígbà tó sì di 1987, wọ́n fi hàn pé ó ń sọ ọkàn rẹ̀ di aláìlágbára. Àkàsà àti ẹ̀bà tí a fi omi ọbẹ̀ rẹ kò ní èròjà yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ni àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ náà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹja tútù tí a kò sè, bí ó bá di oúnjẹ ojoojúmọ́, lè run fítámì B1 tó wà lára ológbò. Wàrà màlúù tí gbogbo ènìyàn rò pé ó fẹ́ràn sì máa ń mú ọ̀pọ̀ ológbò àgbà ṣu gbuuru.

Oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ṣe fún ológbò ni ó rọrùn jù láti ṣírò. Gíráàmù 50 sí 60 lójúmọ́ tó fún ológbò oníkílò mẹ́rin, kò sì ní pé kílò méjì lóṣù. Kí ẹ béèrè iye fàráńsì tí kílò kan ń lọ níbi tí ẹ ti ń rajà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ti mọ ìnáwó oṣù. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé ológbò inú ilé lè lo ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láyé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gba ọlọ́dún márùn-ún ń gba bùkátà ọdún mẹ́wàá sọ́rùn.

Àwọn ohun èlò kò wọ́n. Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí pọn dandan, nítorí pé ẹni tó bá gbé ológbò sínú àpò lórí zémidjan (ọ̀kadà) yóò wá a títí. Ẹ tún wá àpótí iyanrìn méjì tí yóò máa ṣu sí, àwọ̀n sí ojú fèrèsé, àti igi tí a fi okùn wé kí ó lè máa ha èékánná.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni owó ti ń jáde lójijì. Kí ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fún un ní ti dìgbòlugi, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, tàbí, bí ó bá jẹ́ abo, bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Níbí ni àgbà ti dára ju ọmọ ológbò lọ lójú tèmi: ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti san owó wọ̀nyí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi oṣù méjì ni oyún abo ológbò, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Kí ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì, nítorí pé akọ tó ń tiraka láti tọ̀ tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má ṣe fún un ní parasitamọ́ọ̀lù láéláé. Hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Tèmi sá sábẹ́ ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́fà, òru nìkan ló ń jáde wá jẹun. Mi ò fipá fà á jáde, mi ò sì yí oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ padà. Oṣù kẹta ni ó tó pa eku kan. Kò tọ́ ọ wò. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, ó sì padà sídìí àwo rẹ̀.