Ìjọba òyìnbó kì í san owó oṣù fún ẹni tí jẹjẹrẹ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ṣe ìpàdé ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde nítorí òrùlé ilé bàbá wa àgbà tí a fẹ́ pààrọ̀ kí Ojúde Ọba tó dé. Igba pọ́ùn ni wọ́n bù fún gbogbo ọmọ ẹbí tó wà lókè òkun. Nígbà tí akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì san, ó kan àbúrò mi obìnrin. Mo dìde, mo ní kí ẹbí jọ̀wọ́ yọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí, pé jẹjẹrẹ ọyàn ló ń bá a fínra ní England, kò sì tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò tíì jókòó tán tí bọ̀dá wa kan fi dá mi lóhùn: "Ṣebí ìjọba ń san owó oṣù rẹ̀ fún un? Ìlú òyìnbó kọ́ ni? Bí àìsàn bá dá ọ dúró níbẹ̀, pípé ni wọ́n á máa san owó rẹ títí ara rẹ á fi yá. Ìsinmi ló wà yẹn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọlọ́kadà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ẹni tí ọmọ tirẹ̀ gan-an wà ní Manchester. Irọ́ ni, ó sì ti sú mi. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Òkè-Ajé, ó ti lé lógún ọdún, ìṣirò kì í ṣe nǹkan tuntun lójú mi. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni èmi àti àbúrò mi ti ń jókòó ti fóònù lálaalẹ́, tí a ń ṣírò iye tó máa wọlé fún un. Gbogbo ìwé owó oṣù rẹ̀ wà nínú WhatsApp mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. £12.82 ni wọ́n ń san fún un ní wákàtí kan, wákàtí 37 àtààbọ̀ ló sì ń ṣe lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ £480.75 lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí. Nígbà tí kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ tí dókítà kọ̀wé pé kó jókòó sílé, ohun tó kù lórí ìwé owó oṣù náà ni Statutory Sick Pay, owó tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, tí wọ́n máa ń pè ní SSP. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2026, £118.75 ni SSP lọ́sẹ̀. Nígbà náà, wọn kì í béèrè iye tí o ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tó ń gba ẹgbẹ̀rún pọ́ùn lọ́sẹ̀ àti ẹni tó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, £118.75 kan náà ni òfin kọ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ £480.75, ẹ ó rí i pé kò pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí kò fi lọ síbi iṣẹ́, wọn kò tiẹ̀ san kọ́bọ̀ fún un.

Èyí tí mo fẹ́ kí bọ̀dá wa gbọ́ dáadáa ni pé kì í ṣe ìjọba ló ń san £118.75 yẹn. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń san án látinú àpò ara rẹ̀. Ìjọba ṣòfin pé kó san án, ó parí síbẹ̀, ìjọba kì í dá a padà fún un. Nítorí náà, ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi ń sọ fún mi lọ́jà pé ìjọba ń tọ́jú àbúrò mi, kò sí pọ́ùn kan tó ti ọwọ́ ìjọba wọ inú àkáǹtì rẹ̀.

SSP sì ní òpin. Ọ̀sẹ̀ 28 ni. £118.75 lọ́nà 28 jẹ́ £3,325. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò pé ohun tó ń gbà fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méje kí àìsàn tó dé.

Ẹ wá wo bí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ṣe ń gùn tó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló gba kímò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ìkẹyìn bọ́ sí oṣù Kọkànlá. Wọ́n ní kó sinmi kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀sẹ̀ 28 pé nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi lójú ọgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ni, kò lè gbé apá òsì rẹ̀ sókè, owó sì tán. Ìtọ́jú onítànṣán tó máa tẹ̀ lé e kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà òpin SSP dé, ó pè mí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ẹ óò ní, lẹ́yìn SSP ńkọ́, ṣé kò sí nǹkan míì? Ó wà, ó ní ẹni tó wà fún. Èyí tó kàn ni New Style ESA, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2026, £92.05 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó ti pé ọdún 25 ní ọ̀sẹ̀ 13 àkọ́kọ́, ó sì lè gòkè sí £140.55 fún ẹni tí kímò tàbí ìtànṣán kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Títí dé ibi tó ga jù yẹn, kò tó ìdajì owó tí àbúrò mi ń gbà tẹ́lẹ̀, kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó bá ti san owó National Insurance, èyí tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ fún irú ìrànwọ́ yìí, tó nínú ọdún owó orí méjì tí wọ́n bá yẹ̀ wò ló ń rí i gbà. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni ọdún owó orí tiwọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni àbúrò mi dé ìlú náà. Nígbà tó kọ̀wé béèrè lóṣù Kìíní ọdún yìí, oṣù méjì péré ló ti ṣiṣẹ́ nínú èyí àkọ́kọ́ lára ọdún méjì tí wọ́n wò. Èsì dé: kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti Universal Credit, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, àti PIP, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìsàn tàbí àìlera ń ni lára, torí a ti kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé e. Lóṣù Kẹfà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a rí ẹ̀rọ ìṣírò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń sọ iye ìrànwọ́ tí ènìyàn lè gbà. A kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí i, a kọ iye owó yàrá rẹ̀, a kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ni. Ó gbé iye tó lé ní ẹgbẹ̀rún pọ́ùn lóṣù jáde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwa méjèèjì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè kan ni a kò kà dáadáa, èyí tó ní irú físà wo lo ní. Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ wo ìwé físà òṣìṣẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan sì wà níbẹ̀: No recourse to public funds. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba. Universal Credit wà lára owó yẹn. PIP wà lára rẹ̀. Ilé ìjọba olówó pọ́ọ́kú wà lára rẹ̀. Bó bá lọ béèrè fún wọn, ó lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́. A tún ìṣirò náà ṣe, a dáhùn ìbéèrè físà bó ṣe yẹ. Òdo ló gbé jáde.

Mélòó nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó lọ láàárín ọdún mẹ́rin yìí ni kò sí lórí irú físà yìí? Ẹ wo Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ wo Ṣàgámù, ẹ ka iye ilé tí ọmọ ti lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tàbí tó lọ kàwé. Àwọn gan-an ni ẹbí ń sọ pé ìjọba ń bọ́.

Wọ́n á ní àǹtí lágbájá ṣàìsàn ní London, owó rẹ̀ sì ń wọlé pé. Ó ṣeé ṣe. Nọ́ọ̀sì ni àǹtí yẹn, lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn. Àdéhùn iṣẹ́ NHS ní kí wọ́n san owó oṣù pípé fún oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ owó fún oṣù mẹ́fà míì fún ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún àkọ́kọ́, oṣù kan pípé, oṣù méjì ní ààbọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló san án. Ilé ìtọ́jú tí àbúrò mi wà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn.

Wọ́n á ní òfin kà á sí aláìlera. Òótọ́ ni, Equality Act ti ọdún 2010 ka ẹni tó ní jẹjẹrẹ sí aláìlera láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún un pé òun ló ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bàa fìyà jẹ ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Òfin yẹn kì í sanwó.

Wọ́n á ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni. Èyí ni mo fara mọ́, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kímò, iṣẹ́ abẹ, oògùn tó ń gbé lọ sílé, kò san nǹkan kan. Èmi tí mo mọ ohun tí ojú ń rí láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ gba ìtànṣán ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí o tún máa fi owó ara rẹ san án, n kò lè fojú kéré ìyẹn láé. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ rẹ, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fún ọ lówó. Mo rò pé ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nìyẹn.

Wọ́n á tún fi náírà ṣírò rẹ̀. Bọ̀dá wa ṣe é níbẹ̀ yẹn lójú gbogbo wa: bí pọ́ùn kan bá tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà, £118.75 á lé ní igba ẹgbẹ̀rún náírà lọ́sẹ̀, "owó tí dókítà wa kò rí!" Ṣé náírà ló fi ń san owó ilé ni? £650 ni yàrá tó ń gbé lóṣù. SSP ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, £475. Kó tó ra búrẹ́dì, kó tó tan iná ẹ̀rọ amúlémóoru nígbà òtútù, kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù, ó ti jẹ gbèsè £175. Bí wọ́n bá sì ní ó ṣáà sàn ju tiwa lọ, n kò bá wọn jiyàn. Òfin iṣẹ́ tiwa, abala 16, ọjọ́ iṣẹ́ 12 péré ló ní kí wọ́n sanwó rẹ̀ nínú ọdún kan fún òṣìṣẹ́ tí dókítà bá kọ̀wé sí pé ara rẹ̀ kò yá. Kí tiwa burú kò sọ tiwọn di owó oṣù pípé.

Mo gbà pé ti àwọn míì sàn ju ti àbúrò mi lọ. Ẹni tó ti di ọmọ ìlú tàbí tó ti gba ìwé ìgbé ayérayé lè gba Universal Credit, ó sì lè gba PIP, bí ìṣòro ara rẹ̀ bá ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n sì rí i pé ó ṣì máa tó oṣù mẹ́sàn-án sí i. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó ń wo owó oṣù tí o ń gbà tẹ́lẹ̀ kó lè san án fún ọ pé.

Láti oṣù Kejìlá, Òkè-Ajé ni owó ti ń lọ sí England. Mo kó àjọ mi ṣáájú àsìkò, ìyá wa ta ṣéènì ọrùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ níbẹ̀ san owó ilé oṣù kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ní láti jẹun kí wọ́n lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ní ẹni tó wà nírú ipò yìí, ẹ béèrè ọjọ́ tí SSP rẹ̀ máa parí lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kó tó di pé ó parí, kí ẹ mọ iye oṣù tí ẹ fẹ́ fi gbé e. Ẹ sọ fún un kó pe Macmillan, ẹgbẹ́ aláàánú kan níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá ẹni tó ní jẹjẹrẹ wo ọ̀rọ̀ owó rẹ̀, kó sì sọ irú físà tó ní fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ìtànṣán rẹ̀ máa parí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà ní kó ṣì wà nílé fún oṣù kan lẹ́yìn náà. Ní ti igba pọ́ùn òrùlé, mo ti san ìdajì rẹ̀ fún akápò lọ́jọ́ Ajé, mo sì gba rìsíìtì lórúkọ àbúrò mi.