Bí A Bá Ń Jà, Bí i Ká Kú Kọ́

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹni tó di ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́wù mú kò torí ìyẹn ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò gbẹ́ sàréè.

Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, àmọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, l'Ábújá níbí, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló jẹ́ kí n rí i pé ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ìdajì rẹ̀ kejì. Akọ̀wé wa fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Aṣọ ẹbí ti jáde, àǹkárá aláwọ̀ ewé, owó rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ́n. Ni àwọn mẹ́rin bá dìde pé àwọn kò ní rà á, àwọn kò sì ní débẹ̀, torí pé bàbá ọkọ jẹ́ alága wọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀tá wa ni." Ọ̀tá kẹ̀? Ọkùnrin yìí ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé ìyàwó ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí obìnrin náà ń rọbí.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀, ara ti ń gbóná. Kò burú. Kí kálukú jà fún ẹni tó wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ ń torí wọn yan ara yín lódì, ṣé ẹ mọ ìtàn wọn? Ní 2007, abẹ́ àsíá AC (Action Congress), ẹgbẹ́ òṣèlú tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ òpómúléró rẹ̀, ni Atiku Abubakar ti díje fún ipò ààrẹ. Ní 2019, Peter Obi ni Atiku mú ṣe igbákejì nígbà tó díje lábẹ́ PDP. Nígbà tó di 2023, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú síra wọn. Wọ́n ti jọ jẹun rí, wọ́n sì tún lè jọ jẹun lọ́la. Ìwọ tí o kò mọ ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn, o ti ní o kò ní jẹ ìrẹsì nílé akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ.

Ẹnu wa ló tilẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́ jù. Obìnrin méjì kan wà ní ọjà Wuse, ìṣọ̀ wọn kángun síra, ọ̀kan Yorùbá, ọ̀kan Ìgbò. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń bá ara wọn tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí èsì ìdìbò 2023 jáde, ọ̀kan sọ̀kò ọ̀rọ̀, èkejì fi èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ dá a lóhùn. Ẹnikẹ́ni kò na ẹnì kejì o. Títí dòní, wọn kì í kí ara wọn. Mo ti lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti Yorùbá yẹn ní, "Bàbá, ohun tó sọ nípa ìyá mi ni kò kúrò létí mi." Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe gbogbo ará Òkè Ọya ní màlúù, tí ẹ ń pe Ìgbò ní ohun tí mi ò lè kọ síbí, ṣé ẹ rántí ibi tí ẹ ń gbé?

Abuja ni. Nígbà tí ìjọba ń wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà ní 1975, adájọ́ ọmọ Yorùbá, Akínọlá Àgùdà, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀. Tai Solarin náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ àárín gbùngbùn ni wọ́n mú, èyí tí Hausa, Yorùbá tàbí Ìgbò kò lè pè ní tòun nìkan, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe ẹnì kejì ní àlejò. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kejì 1976. Àwọn Gbagyi ló ń dáko síbẹ̀, gbèsè tí a jẹ wọ́n ṣì wà nílẹ̀. A gba ilẹ̀ onílẹ̀ nítorí ìṣọ̀kan, orí ilẹ̀ náà la wá dúró sí tí à ń bú ẹ̀yà ara wa.

Kano ni mò ń gbé ní 1993. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà, onílé mi, Alhaji kan tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, lọ tò lórí ìlà, ó dìbò fún Abíọ́lá. Ọmọ Kano ni Bashir Tofa tí òun àti Abíọ́lá jọ ń du ipò ààrẹ, síbẹ̀ Abíọ́lá ló borí ní Kano. Mo bi Alhaji léèrè ìdí. Ó ní, "Namu ne." Tiwa ni. Nígbà tí Babangida fagi lé ìdìbò náà, tí ìbẹ̀rù ń lé àwọn ará gúúsù wálé, Alhaji gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò sọ fún mi pé èmi lòun ń ṣọ́. Èmi náà kò bi í.

Ta ni nínú yín ni yóò gbé àga síta nítorí aládùúgbò rẹ̀ ní 2027? Ẹ ti kọ ọmọ ìlú yín sílẹ̀ nítorí fìlà ẹgbẹ́, ta lẹ wá fẹ́ ṣọ́? Àgbàlagbà tó jókòó sí pálọ̀, tó ń fi èébú ẹ̀yà kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú yẹ kó tì í. Ẹni tí kò lè bá àna akọ̀wé rẹ̀ jókòó, kó má gba máìkì mọ́ ní ìpàdé wa láti máa pariwo "Nàìjíríà kan ṣoṣo." Ó ti sú wa.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó náà. Aṣọ ẹ̀yin mẹ́rin ṣì wà lọ́dọ̀ Màmá Ìbejì, kò tíì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ lọ gbà á lónìí, kí ẹ tètè gbé e fún télọ̀.