Ẹ má sọ oògùn aràn di oúnjẹ ẹṣin

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ẹ yà sí àgbàlá èyíkéyìí tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á ti máa nu gàárì, wọ́n á máa dán ìjánu, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ẹnìkan á sì wà níbẹ̀ tó ń ki oògùn aràn bọ ẹṣin lẹ́nu, bó ti ṣe lóṣù tó kọjá. "Bó bá ti ń gbà á léraléra, aràn ò ní ráyè." Ọ̀rọ̀ tí mo bá lẹ́nu àwọn bàbá wa nìyẹn, èmi náà sì ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Léraléra yẹn gan-an ló ń sọ oògùn di omi lásán.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn dédé sọ ọ́ o. Ní 1966, ní Kentucky l'Amẹ́ríkà, Drudge àti Lyons, àwọn onímọ̀ nípa aràn ẹran, dábàá pé kí wọ́n máa fún gbogbo ẹṣin loògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà sí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Aràn kan tó ń jẹ́ Strongylus vulgaris ni wọ́n ń bá jà. Ọmọ aràn yìí máa ń wọnú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun, ẹ̀jẹ̀ á dì níbẹ̀, inú rírun á sì pa ẹṣin. Ìmọ̀ràn náà ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Àmọ́ ogun ti kúrò níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹṣin àgbà báyìí ni aràn wẹ́wẹ́ tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní cyathostomin, tín-ín-rín bí òwú, ó sì ti borí oògùn aràn tó ń jẹ́ fenbendazole ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ káàkiri ayé.

Oògùn kì í pa gbogbo aràn tán. Díẹ̀ á wà tí ara wọn le sí i, àwọn yẹn ló máa kù tí wọ́n á máa yé ẹyin. Bí ẹ bá tún fún ẹṣin lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ojo tó ṣẹ́kù lẹ tún pa, ẹ sì fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún alágídí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹṣin ló ní ẹ̀bi. Nínú ẹṣin mẹ́wàá tó jọ ń jẹko, bíi méjì péré ló máa ń ya ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ẹyin aràn tó ń bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjì yẹn ló yẹ ká wá kàn. Aràn tí oògùn ò tíì bá pàdé nínú àwọn yòókù á máa dà pọ̀ mọ́ alágídí, agbára oògùn ò sì ní tètè tán.

Báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n? Ìgbẹ́ ni. Ẹ bu èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sínú nylon, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, ẹ gbé e fún dókítà ẹran kó ka ẹyin. Bí ẹyin ò bá tó 200 nínú gíráàmù kan, ẹ lè fi ẹṣin àgbà yẹn sílẹ̀. Bó bá ju 500 lọ, ẹ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ tún kà á, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá oògùn ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹṣin tí kò tíì pé ọdún kan ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìtọ́jú tiẹ̀ yàtọ̀.

Àbí ti fífojú wọn ìwúwo ẹṣin ká tó fún un loògùn ni ká sọ? Ẹ yá téèpù télọ̀. Ẹ wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi 11,880 pín in. Ẹṣin kékeré kan tó wá láti Òkè Ọya, àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, gígùn rẹ̀ 140: kílò 265 nìyẹn. Gbogbo wa la wò ó tá a ní 200. Mílígíráàmù 0.2 ni ivermectin, oògùn aràn tá à ń lò, tí kílò kan ń gbà, nítorí náà 53 ló yẹ ẹ́, 40 la fún un. Ó tún fi oògùn náà pamọ́ sẹ́nu títí a fi yíjú, ó wá tu ìdajì sórí fìlà ọmọ tó dì í mú.

Ti abẹ́rẹ́ aràn màlúù tí àwọn kan ń gún mọ́ ẹṣin lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ojú abẹ́rẹ́ lè wú, ó lè kẹ̀, ó sì lè gbẹ̀mí ẹṣin. Ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò lórí koríko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pàápàá lásìkò òjò, ìyẹn ṣe pàtàkì ju oògùn mìíràn lọ.

Ẹṣin tó là mí lójú, akọ pupa kan ni, ó ti gbó díẹ̀. Ó ń rù, mo sì ń fún un loògùn aràn lóṣooṣù. Ọjọ́ kan ni mo jókòó tì í níbi tó ti ń jẹun, mo rí koríko tó ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ṣíṣù ṣíṣù bí òkèlè ẹ̀bà, kò jẹ ẹ́ kúnná. Dókítà ya ẹnu rẹ̀: eyín ẹ̀yìn ti mú bí ọ̀bẹ, ó ti gé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó fi fáìlì rá a. Nígbà tí a tún máa dì í ní gàárì lẹ́yìn oṣù méjì, okùn abẹ́ ikùn rẹ̀ ò dé ibi tá à ń so ó sí tẹ́lẹ̀ mọ́, ihò méjì la fi dẹ̀ ẹ́.