Ti ìfun kì í pẹ́ tó ti abẹ́rẹ́

Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ síbí nípa àtọ̀gbẹ, ibi tí ẹ ti ní abẹ́rẹ́ Ozempic tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí GLP-1, ìyẹn hómóònù tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tí ìfun wa ń ṣe fúnra rẹ̀, ni mo ti dúró. Ó yàtọ̀ o! Kì í ju bí ìṣẹ́jú 2 lọ kí DPP-4, ẹ́ńsáìmù kan tó wà lára wa, tó já bí ìdajì ti ìfun sí wẹ́wẹ́. Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àbúrò màmá mi ń gbà á nítorí àtọ̀gbẹ. Èébì fojú rẹ̀ rí màbo níbẹ̀rẹ̀, torí oògùn náà kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè kúrò nínú ikùn. Ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ẹni tó ní omi ewúro nìkan ti tó fún àtọ̀gbẹ lókè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá aláìsàn. Ohun tí mo lè bá yín gbà ni pé kéèyàn kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kó tó kan àmàlà: ìyẹn máa ń jẹ́ kí ìfun tú GLP-1 síta, ṣúgà kì í sì í fò sókè tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò jẹ ẹja tán kí òkèlè tó dé, nílé wa níbí?