Ta ló ní àgbà tó wà lórí wíìṣíà ò lè rìnrìn-àjò mọ́?

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Tí màmá tàbí bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo wíìṣíà báyìí, gbogbo ilé á ti fẹnu kò pé ìrìn-àjò parí nìyẹn, ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ wọn l'Ékòó, fídíò ni wọ́n máa wò, ìsìnkú àbúrò wọn l'Óńdó, ẹlòmíì ló máa ṣojú wọn, tẹ́ ẹ bá bèèrè wọ́n á ní ìnira ọ̀nà á pa wọ́n. Irọ́ ni o. Ọpọlọ àwọn tí wọ́n ń tì mọ́lé yìí pé, wọ́n ṣì fẹ́ fojú kan àwọn èèyàn wọn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lo wíìṣíà ni ò lè dìde rárá. Ọ̀pọ̀ àgbà tí orúnkún ń dùn tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti bá jà lápá kan ṣì lè dúró díẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta, ìyẹn sì tó láti wọ mọ́tò. Mọ́tò tẹ́ ẹ máa wọ̀ ló ṣe pàtàkì. Bọ́ọ̀sì Hiace ga jù fún wọn, Sienna ló dáa nínú àwọn tó ń ná Àkúrẹ́ sí Èkó, ilẹ̀kùn ẹ̀ gbòòrò, ilẹ̀ ẹ̀ ò ga, àmọ́ ẹ bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ̀rọ̀ ibi tí wíìṣíà máa wà àti owó ẹrù kẹ́ ẹ tó kúrò ní gáréèjì. Ẹ gbé wíìṣíà sún mọ́ àga mọ́tò, ẹ tẹ búrèkì ẹ̀, kí apá tó lágbára lára wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ìdí á kọ́kọ́ wọlé, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà wọ́n lápá, èjìká ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá jà máa ń tètè yẹ̀.

Ìnira ọ̀nà wà lóòótọ́. Jíjókòó pẹ́ lójú kan lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀, ó sì lè dá egbò sí ìdí. Ṣùgbọ́n egbò yìí kan náà ló ń dá sí ìdí ẹni tí wọ́n gbé jókòó sí pálọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣé kò sẹ́ni tó rí ìyẹn ni? Lójú ọ̀nà, ẹ máa dúró ní wákàtí méjì-méjì, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n yí ìdí padà. Ẹ má fi omi dù wọ́n torí kí wọ́n má baà tọ̀, ike ìtọ̀ àti páńpásì àgbàlagbà wà. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà ná.

Ti báàlù ni irọ́ wá pọ̀ sí jù, àwọn èèyàn á ní iléeṣẹ́ báàlù ò ní gbà wọ́n wọlé. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé iléeṣẹ́ báàlù gbọ́dọ̀ pèsè wíìṣíà tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ran irú wọn lọ́wọ́ láti wọlé àti láti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì fi wọ́n ṣáájú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kóòdù mẹ́ta ni iléeṣẹ́ báàlù fi ń kọ irú ìrànlọ́wọ́ wíìṣíà téèyàn nílò. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tí ò lè rìn jìnnà. WCHS, ẹni tí ò lè gun àtẹ̀gùn ṣùgbọ́n tó lè rìn dé ìjókòó ẹ̀ nínú báàlù. WCHC, ẹni tí wọ́n máa gbé dé orí ìjókòó gan-an. Tẹ́ ẹ bá kàn ní ẹ fẹ́ wíìṣíà, tí wọ́n wá kọ WCHR, wọ́n á ti màmá dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n á ní ó yá, ẹ máa gùn ún, ní pápákọ̀ Àkúrẹ́ wa yìí sì rèé, láti ilẹ̀ lèèyàn ti ń gun àtẹ̀gùn wọ báàlù. Torí náà ẹ sọ bí ara wọn ṣe rí gan-an nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ jù wákàtí 48 sígbà tí báàlù máa gbéra. Tó bá jẹ́ wíìṣíà oníbátìrì, ẹ sọ irú bátìrì tó ń lò.

Mi ò sọ pé gbogbo ibi ló ṣeé dé. Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn ẹ̀ ju 600 lọ, wíìṣíà ò lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àpáta yẹn yí ìlú ká débi pé ìsàlẹ̀ lèèyàn á ti máa wò wọ́n, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Àkúrẹ́, ó dáa láti fi dán ara wò kẹ́ ẹ tó forí lé Èkó. Òfin yẹn náà fún àwọn ilé ìlò gbogbo èèyàn ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà ṣe fún wíìṣíà, ó pé ní oṣù kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ àwọn gbọ̀ngàn tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ṣì wà káàkiri, ẹ máa bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ tún fi téèpù wọn ìbú wíìṣíà yín, kẹ́ ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ dé sílé ẹ̀ pé kó wọn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń há jù. Tí kò bá gba wíìṣíà, ẹ gbé àga oníhò tí wọ́n lè jókòó lé ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ dání.