Ta ló ní pàǹtí lásán ni èèpo kòkó?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Nípàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa l'Ádó-Èkìtì, ẹnìkan tún dìde, ó ní ká máa kó èèpo kòkó àti èèpo ẹ̀gẹ́ wa fún àwọn tí yóò fi ṣe háídírójìn, gáàsì tí wọ́n lè fi wa mọ́tò. Ó ní pàǹtí ni, omi nìkan ló sì ń jáde lára háídírójìn, kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Omi ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára mọ́tò tó ń lò ó ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Iná tó gbóná tó 700 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kó èèpo sí. Háídírójìn ń jáde, ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ń jáde, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì náà ń jáde, èyí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa èèyàn sínú yàrá. Kìlò 1 háídírójìn máa ń jẹ tó kìlò 10 èèpo gbígbẹ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdajì èèpo yẹn ni kábọ́ọ̀nù. Bí wọn kò bá gbá a mú, ó lé ní kìlò 15 kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì tó ń mú ayé móoru, tó ń gòkè lọ. Bó bá jẹ́ lára gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n ti yọ kìlò 1 háídírójìn, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó ń jáde níléeṣẹ́ kò ju nǹkan bíi kìlò 10 lọ.

Wọ́n á ní irúgbìn tó bá tún hù yóò fà á padà. Kí ni yóò jẹ tí yóò fi hù?

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé èèpo kòkó kì í ṣe pàǹtí. Wọ́n ń sun ún, wọ́n ń sẹ́ eérú rẹ̀, pọ́táṣì inú omi eérú yẹn ló ń sọ epo di ọṣẹ. Inú ilẹ̀ oko ni kòkó ti fà á. Lóko wa n'Íkọ̀lé, ibi tí èèpo ti ń jẹrà sílẹ̀, igi ń so dáadáa. Apá ibi tí wọ́n ti ń kó o tà lọ́dọọdún, etí ewé ń jó, èso ń dínkù, a sì di oníbàárà àwọn tó ń ta fàtaláísà. Gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe náítírójìn, oúnjẹ irúgbìn, inú fàtaláísà yẹn. Bó bá sì dé inú ilẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ kan tí ìmóoru rẹ̀ ju ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 270. Bí wọ́n tilẹ̀ dá eérú padà fún wa, náítírójìn inú èèpo ti bá iná lọ.

Ti ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Omi ló pọ̀ jù nínú èèpo tútù. Ta ni yóò sá a lóṣù keje, kí ni wọ́n fẹ́ fi yan án?

Ìyàngbò ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tí wọ́n ń dáná sun lásán, màá gbà pé ìyẹn lè yàtọ̀.

Ẹni tó bá tún fẹ́ gba èèpo wa, kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni yóò fi sílẹ̀ lóko, eérú mélòó ni yóò dá padà, níbo ni ọ̀dà yẹn ń ṣàn lọ. Láìsí ìyẹn, èmi kò ní buwọ́ lùwé kankan.