Àwọn Wòlíì Iwájú Tẹlifíṣọ̀n

Àwọn wòlíì kan ti pọ̀ lóde báyìí tí wọn kì í gbààwẹ̀, tí àga ìrọ̀gbọ̀kú sì jẹ́ pẹpẹ wọn. Bí ọmọbìnrin kan nínú eré bá kọlu ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ fọ́n ká, tí àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ṣà á, wọ́n á ti kéde fún gbogbo ilé pé tọkọtaya dé. Bí bàbá arúgbó kan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ti sin ín, nítorí kò sí ẹni tí í wúkọ́ lásán nínú fíìmù. Bí ọlọ́pàá bá yọ fọ́tò ọmọ rẹ̀ lápò, tó ní iṣẹ́ òní ni òun yóò ṣe kẹ́yìn kí òun tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo rẹ̀ á sì ṣẹ. Nígbà náà ni wọ́n á pòṣé, tí wọ́n á ní làákàyè ti tán lórí àwọn tó ń kọ eré, wọ́n á sì ṣí apá kejì.

Kíkẹ́gàn ìtàn àtúnsọ ti di ẹ̀rí ọ̀làjú láwùjọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ ọlọ́gbọ́n a máa sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo fíìmù, pé òun ti mọ òpin wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi í léèrè bó ṣe mọ̀ ọ́n o, nítorí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní iye òru tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ ọ.

Àṣírí tí wọ́n ń pè ní ìran yìí sì ti tú tipẹ́. Ní ọdún 1928, Vladimir Propp, onímọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà, tú àwọn àlọ́ onídán ilẹ̀ rẹ̀ palẹ̀, ó sì rí i pé ìṣẹ̀lẹ̀ 31 péré ni wọ́n ń fi hun gbogbo wọn, tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan kì í sì í ṣáájú èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé: wọ́n á kìlọ̀ fún akọni, kò ní gbọ́, ọ̀tá á ráyè, olùrànlọ́wọ́ á yọjú, ìgbéyàwó á sì kádìí rẹ̀. Ní ọdún 1929, Ronald Knox, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, fi òfin mẹ́wàá lélẹ̀, lára èyí tí ó wà pé òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ mú ìbejì ẹnikẹ́ni jáde láìjẹ́ pé ó ti múra òǹkàwé sílẹ̀ fún un. Ó dà bíi pé òfin yìí kò tíì dé etí àwọn tó ń kọ eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ìbejì tí ìyá rẹ̀ pàápàá kò rántí ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní déédéé ìgbà tí owó ìpolówó bá fẹ́ gbẹ.

Ẹ wá wo àwọn wòlíì wa nígbà tí ẹnìkan bá ṣèèṣì sọ òpin fíìmù fún wọn. Wọ́n á fárí gá bíi pé wọ́n gba ogún bàbá wọn lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ti sọ òpin yẹn kan náà fúnra wọn nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ṣì ń kọjá lójú ìbòjú! Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld ti yunifásítì California ní San Diego gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2011, nínú èyí tí àwọn òǹkàwé tí wọ́n kọ́kọ́ ta òpin ìtàn kúkúrú lólobó ti gbádùn rẹ̀ ju àwọn tí kò mọ nǹkan kan lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ nípa òpin ni ó ń ráyè wo ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ìgbà tí ọ̀gá ọ̀daràn bá dojú ìbọn kọ akọni tí wọ́n ti dè mọ́ àga. Dípò kó yìn ín níbọn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí wọ́n ṣe fìyà jẹ òun ní kékeré, kámẹ́rà á sì rọra lọ sẹ́yìn àga láti fi ìka akọni hàn wá níbi tó ti ń tú okùn. Wòlíì á fò dìde, á pariwo pé, “Yìn ín, òmùgọ̀!” Ṣùgbọ́n bí ọ̀daràn bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tí fíìmù sì parí síbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá owó òun padà.

Òǹkọ̀wé Arthur Conan Doyle kò fura sí èyí nígbà tó pa Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn rẹ̀, ní ọdún 1893, tó jẹ́ kó jọ pé ó ṣubú sínú ìtàkìtì omi kan ní Switzerland. Àwọn òǹkàwé bínú débi pé ọ̀pọ̀ kò san owó ìwé ìròyìn tó ń gbé ìtàn náà mọ́. Ní ọdún 1903, ó jẹ́ kí ọkùnrin náà wọlé padà láàyè, kó sì máa ṣàlàyé pé òun kò já sínú omi rárá, pé irú ìjàkadì àwọn ará Japan kan ni òun fi bọ́. Àlàyé yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn òǹkàwé sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á, wọ́n ní èwo ló tún kàn.